Ẹyẹ Kan Lórí Àfòmọ́: Ohun tí Ojú Mi Rí Nígbà tí Ẹsẹ̀ Mi Kán

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé iwájú ilé bàbá mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé orí àpótí, mo rò pé ayé mi ti parí. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí ẹ̀. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, àti nítorí ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti sọ fún pé kó lọ jókòó sínmi, tí ìjókòó náà wá ń dùn ún ju egbò lọ. Mo ṣe àṣìṣe púpọ̀ lórí ìjókòó yẹn. Àwọn kan nínú wọn kò ṣe é tún ṣe mọ́.

Awakọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi na ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Ìbàdàn, nígbà mìíràn mo máa ń bá a dé Èkó. Ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá ni mo ń wà. Ẹni tó bá mọ gárééjì mọ bí ayé wa ṣe rí. Aago mẹ́rin ìdájí, o ti dìde, o ti ń wá bí wàá ṣe tètè kó èrò. Agbèrò ń pariwo, họ́ọ̀nù ń dún, rédíò ń ké. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rárá. Bí ilé bá dákẹ́, àyà mi á máa já, màá ní kí wọ́n tan rédíò kí n tó lè sùn.

Lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, mo pẹ́ kúrò ní Adó, mo sì fẹ́ dé Ìbàdàn kí n tún kó èrò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó gbé báàgì lé itan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo dá a lóhùn pé mo ti mọ ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí i. A kọjá Àràmọkọ. Tírélà kan wà níwájú wa tó ń fà bí ìgbín. Mo ní kí n yà á kọjá ní kọ́nà kan. Mi ò rí iwájú. Mo kàn gbà pé ọ̀nà ṣófo, torí pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ọ̀nà kò ṣófo. Ẹni tó ń bọ̀ yà fún wa, àwa sì wọ igbó lọ lu igi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kán sí méjì nísàlẹ̀ orúnkún. Èrò mẹ́fà fara pa. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kú kí wọ́n tó gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn jáde lẹ́nu. "Jàǹbá ni," lèmi máa ń wí. "Tírélà yẹn ló fà á." "Iṣẹ́ ayé ni." Ta ló yọ sí kọ́nà? Èmi ni. Ti ọlọ́pàá àti kóòtù wà ńbẹ̀, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ mi fún ìgbà kan. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní ilé ìwòsàn ní Adó. Wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ mi láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 180 lórí 110. Wọ́n ní ó dà bíi pé mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́ láìmọ̀, wọ́n wá fún mi lóògùn tí màá máa lò lójoojúmọ́. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé ní Adó, ẹlẹ́sẹ̀ kan ò sì lè máa gùn ún. Ìyàwó mi ní kí á máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n.

Bí o bá ti dé Ẹ̀fọ̀n rí, o mọ̀ pé òkè ló yí i ká. Láàárọ̀, ìkùukùu á bo orí òkè títí oòrùn á fi là á. Ó tutù ju Adó lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ọmọ Adó ló máa ń pè é ní ibi ìsinmi. Lójú tèmi nígbà yẹn, ẹ̀wọ̀n ni.

Oṣù àkọ́kọ́, mo bà á jẹ́ pátápátá. Fóònù ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Fídíò ìjàǹbá ọkọ̀ ni mo ń wò láti alẹ́ mọ́jú, bíi pé mo ń wá ọ̀kan tó burú ju tèmi lọ. Mo máa ń pariwo mọ́ ìyàwó mi lórí omi ìwẹ̀, lórí iyọ̀ ọbẹ̀, lórí bó ṣe gbé àga. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wá kí mi gbé ògógóró wá, mo sì ń mu ún lórí oògùn. Ẹni tó bá ń ka èyí tó wà nípò yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Ó jọ pé ó ń mú kí èèyàn sùn. Kì í ṣe oorun, ìdákú lásán ni, aago mẹ́ta òru ló sì máa ń tú ọ sílẹ̀, ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni láti bá sọ̀rọ̀.

Tiransifọ́mà àdúgbò wa ló gbà mí. Ó jó, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni kò sí iná. Bátìrì fóònù kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo jókòó, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè wò ju igi ọsàn tó wà níwájú ilé lọ.

Igi ọsàn náà ti darúgbó. Bàbá mi ló gbìn ín. Àfòmọ́ ti gba ẹ̀ka mẹ́ta lára rẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gùn bí igi ìṣáná, orí rẹ̀ wú díẹ̀. Ẹni tó bá ní oko kòkó mọ àfòmọ́, ó sì kórìíra rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, omi ara igi ẹlòmíì ló ń fà mu, bó bá pọ̀ jù, ẹ̀ka tó gùn á gbẹ. Mo ti pàṣẹ fún ọmọ àbúrò mi pé kó gun igi náà, kó gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ìyá mi ló ní kó má tíì gé e, pé òun ń já ewé rẹ̀ sí àgbo.

Ìyẹn ni mo ń wò, inú ń bí mi sí i, nígbà tí ẹyẹ kan bà sí i.

Kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Nínú òjìji ewé, dúdú lásán ni. Ó wá yí ara sí oòrùn, ara rẹ̀ sì tàn: orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mọ̀nà bí ìgò aláwọ̀ ewé, ọ̀já pupa kan gba àyà rẹ̀ kọjá. Àgógó rẹ̀ tín-ín-rín, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Ó fi ẹsẹ̀ mú ẹ̀ka, ó dorí kodò, ó wá fi ṣónṣó àgógó tọ ara òdòdó kan tí kò tíì là. Òdòdó náà là pẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá já èso ẹ̀wà gbígbẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì tú sí iwájú orí ẹyẹ náà. Kò tilẹ̀ mira. Ó ti àgógó bọ inú rẹ̀, ó mu, ó fà á yọ, ó bọ́ sórí èkejì. Pẹ́ẹ́. Ó tún mu. Òdòdó mọ́kànlá ni mo kà kó tó fò lọ pẹ̀lú ohùn kan tó mú bí etí abẹ, ṣín-ṣín-ṣín.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo ṣàkíyèsí pé èjìká mi ti rọ̀ wálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ń fà á sókè tẹ́lẹ̀. Mo tún ṣàkíyèsí pé fún gbogbo ìgbà tí mo fi ń ka òdòdó, mi ò gbọ́ ohùn ọmọkùnrin yẹn. Ojú sì tì mí lójú ẹsẹ̀, bíi pé mo jí nǹkan.

Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ló ṣàlàyé ẹyẹ náà fún mi nígbà tó wá kí mi. Àwọn èèyàn kan máa ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kiri pé hummingbird ni. Kì í ṣe òun. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òkè àti ìsàlẹ̀, nìkan ni hummingbird ń gbé. Tiwa yìí ni wọ́n ń pè ní sunbird, oríṣiríṣi rẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ wa. Èyí tó ń tàn ni akọ. Abo rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n, o lè máa wò ó kí o má mọ̀ pé òun lo ń wò. Ó ní kò sí aró aláwọ̀ ewé kankan nínú ìyẹ́ akọ náà, bí ìyẹ́ náà ṣe tò ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú bí oòrùn kò bá sí lára rẹ̀. Ó tún ní ẹyẹ yìí ló ń bá àfòmọ́ gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó dé òdòdó kó lè so, ẹyẹ mìíràn tó ń jẹ èso rẹ̀ ló sì ń lẹ kóró rẹ̀ mọ́ igi mìíràn. Ohun tí mo pè ní olè lórí igi bàbá mi, oúnjẹ àárọ̀ ẹlòmíì ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí ẹyẹ náà. Ibẹ̀ sì ni àṣìṣe mi mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ náà ni mo ṣe ń wo ẹyẹ.

Mo fẹ́ kó tètè dé. Mo fẹ́ kó súnmọ́ mi. Mo fẹ́ kó wá lásìkò tí mo bá jókòó, kó má sì tètè lọ. Bí kò bá dé ní aago méje, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní kí wọ́n po ṣúgà mọ́ omi sínú ìdérí ike, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka. Èèrà ló kọ́kọ́ dé, oyin tẹ̀lé e, ọ̀kan sì ta ọmọ àbúrò mi létí. Lọ́jọ́ kẹta omi náà ti kan. Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ẹyẹ yìí máa wá sí ilé òun, òdòdó ni kó gbìn. Híbískọ́ọ̀sì dára. Ológun ṣẹ́ṣẹ́ dára jù, o lè fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ọgbà, á sì hù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé rẹ̀ bá re tán ló máa ń yọ òdòdó pupa. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá wà lẹ́yìnkùlé, má tètè gé ìdodo rẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ dànù, wọ́n ń mu omi inú rẹ̀.

Ìyá mi ń wò mí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ní, "Kò síbi tí igi yẹn ń lọ. Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà ni í rí ìfun rẹ̀." Mo gbọ́ ọ létí, kò wọ inú mi.

Ọyẹ́ ti ń lọ sópin nígbà tí a rí ìtẹ́ rẹ̀. Ó so rọ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, bí àpò kékeré tí wọ́n fi ewé gbígbẹ àti fọ́nrán koríko hun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Abo nìkan ló ń kọ́ ọ. Wọ́n ti bọ́ POP kúrò lẹ́sẹ̀ mi nígbà náà, mo ti ń fi ọ̀pá rìn. Iná ti dé. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará gárééjì. Ewé dí i lójú, ni mo bá fi ọ̀bẹ gé ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bò ó, mo fa ẹ̀ka náà wálẹ̀, mo fi fóònù yọjú wò ó. Ẹyin méjì, kò ju èso àgbàdo lọ lójú mi, ó funfun, ó ní tóótòòtó. Mo ya fọ́tò mẹ́ta. Inú mi dùn dé alẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìtẹ́ náà ti ya. Ejò ni o, ẹlúlùú ni o, ohun yòówù kó jẹ́, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ewé tí mo gé ni aṣọ tó fi bora. Abo náà ń lọ ó ń bọ̀, ó bà sí ẹ̀ka, ó wo ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, ó fò, ó tún padà.

Ẹyin ẹyẹ méjì ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn, mo sunkún tí ìyàwó mi fi sáré jáde pé ṣé mo ṣubú ni. Ohun kan náà ni mo ṣe. Mi ò rí iwájú, mo fẹ́ kọjá, mo kọjá. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ló kú sí i. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ síta fún ìyàwó mi: "Ó ní kí n rọra. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́." Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gé ewé, ẹ má máa rìn síbẹ̀ lọ bọ̀ tí ẹ ó fi la ọ̀nà sí i. Ẹ jókòó jìnnà. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ẹ lo awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ ojú. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ rí i bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa fóònù tì sínú yàrá láàárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó láìretí nǹkan kan. Ó le ju wíwa ọkọ̀ lọ. Ara á máa yún mi, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ọkàn mi á ti dé Ìbàdàn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kéré: mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn mi, mo ń wọ bùbá kan tó ti ṣá, ojú kan náà ni mo ń jókòó sí lójoojúmọ́, láti nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ títí di mẹ́sàn-án. Mi ò ń nàka. Bí mo bá fẹ́ yí orí, màá yí i bí ẹni tó ń yí sítíárì nínú ẹrẹ̀. Mo ń fi etí wá a kí n tó fi ojú wá a, torí pé ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú.

A máa ń sọ pé ọkàn balẹ̀. Ẹyẹ la tún máa ń sọ pé ó bà. Mo ti ń sọ méjèèjì láti kékeré, n kò fi ọ̀kan wé èkejì rí, àfi lọ́jọ́ kan tí mo jókòó níbẹ̀. Ẹyẹ kì í bà síbi tí nǹkan ti ń mì. Á kọ́kọ́ yí i ká, á bà sí òkèèrè, á wò ó, kó tó wá. Bí ọkàn tèmi náà ṣe ṣe nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Bó sì ṣe ń balẹ̀, kì í ṣe ìgbádùn ló kọ́kọ́ bá wá. Ọmọkùnrin yẹn ni. Ojú rẹ̀, báàgì rẹ̀, bàtà rẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ariwo tí mo ti ń pa láti ìgbà náà, kí n má bàa rí i ni. Mo sọ èyí torí àwọn tó máa sọ fún ọ pé lọ jókòó sínú igbó, wàá gbàgbé. N kò gbàgbé. Mo jókòó, ó wá, mi ò sá, ó sì ṣeé fara dà.

Àṣìṣe kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tí oorun mi ti dára, mo ní ara mi ti yá, mo pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì fún bí oṣù méjì. Mo tilẹ̀ ń ṣe ìwàásù rẹ̀ fún àwọn ará ilé pé atẹ́gùn Ẹ̀fọ̀n ló wò mí. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìlera wọ̀n ọ́ fún mi, ó jẹ́ 170 lórí 100. Ó béèrè bóyá orí ń fọ́ mi, mo ní rárá. Ó ní ìdí tó fi ń pa èèyàn nìyẹn, kì í sábà kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Mo ti ń lo oògùn mi padà láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí n tó kúrò lórí ìjókòó. Wo ẹyẹ, kí o sì lo oògùn rẹ. Ìkan kò rọ́pò ìkejì.

Ìyá mi ló dá a lábàá pé kí n lọ rí àwọn òbí ọmọ náà. Àwọn àgbà ẹbí mi ti lọ nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti tọrọ àforíjì. Èmi fúnra mi kò tíì lọ. Mo ti múra ohun tí màá sọ sílẹ̀, ó gùn, tírélà wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan àti ìyàwó mi ló sìn mí lọ. Ìyá ọmọ náà kò lè jáde sí wa. Bàbá rẹ̀ fún wa ní àga, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀.

Tó bá ṣe pé èmi àtijọ́ ni, ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ kún àyè náà. Mo mọ bí mo ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀yìn ti àga, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, mo jókòó bí mo ṣe ń jókòó nídìí igi ọsàn. Mi ò retí pé kó dárí jì mí. Mi ò retí pé kó lé mi jáde. Àgùntàn kan kọjá lójúde. Ó pẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó mi sì fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tó yá, bàbá náà ní, "Kí ló sọ kẹ́yìn?"

Mo ní, "Ó ní kí n rọra, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu."

Ó mi orí. Ó ní, "Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ wo ìyá ọmọ náà nínú yàrá, a sì dìde. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Títí di òní, kò tíì sọ ọ́. Lọ́dọọdún mo máa ń lọ síbẹ̀, a ó jókòó.

Wọ́n ti dá ìwé ìwakọ̀ mi padà. Mi ò na ọ̀nà Ìbàdàn mọ́. Ẹ̀fọ̀n sí Adó ni mo ń kó èrò báyìí, mo sì máa ń wà lẹ́yìn tírélà títí ọ̀nà á fi là, bí àwọn èrò tilẹ̀ ń kùn. Igi ọsàn kò lè gbé àfòmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó dára jù nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, nítorí náà mo ní kí wọ́n gé méjì, a fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ní oko kòkó nísàlẹ̀ ilé ti gbà pé òun kò ní fín oògùn kòkòrò súnmọ́ àgbàlá wa mọ́, torí pé kòkòrò àti aláǹtakùn ni ẹyẹ yìí fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi gbé ọwọ̀ gígùn jáde láti fi gbá jàǹkárìwọ̀ tó wà ní òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti wà lórí ìjókòó mi. Abo ẹyẹ náà wọlé tààrà sí abẹ́ òrùlé, kò jìnnà sí orí mi tó ìwọ̀n apá kan, ó fi ìyẹ́ dúró nínú afẹ́fẹ́, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀, vuu. Ó fi àgógó mú ìdí jàǹkárìwọ̀ náà, ó fà á, ó gùn, ó yí i mọ́ àgógó bí ẹni ń ká òwú, ó tún padà mú ìyókù. Òun ni í fi ń so ewé ìtẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ìyàwó mi dúró. Ó gbé ọwọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó fi ti ògiri. Ó ní, láìyí orí, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rí i?"

Mo rí i. Mi ò dá a lóhùn, kó má bàa fò.